Àjọgbé Ẹrù: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Àjọṣepọ̀ Láàrin Pírósẹ́sọ̀ àti Kọ̀ǹpáílà Nínú Ìṣẹ̀dá Kọ̀ǹpútà

1.0 Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òwe yìí kò sọ pé ọmọdé lágbára ju àgbà lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò fi àgbà ṣe ọ̀gá lórí ọmọdé. Ohun tí ó ń kọ́ wa ni pé ibì kan wà tí ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan kò lè dé, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí iṣẹ́ lọ déédéé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí ọwọ́ oníkálukú mọ. Nínú ìtàn kọ̀ǹpútà, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tún ń pè ní ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, òwe yìí bá ohun méjì mu gan-an. Èkíní ni pírósẹ́sọ̀, tí í ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Èkejì ni kọ̀ǹpáílà, tí í ṣe atúmọ̀ láàrin èdè tí ènìyàn fi ń kọ iṣẹ́ fún ẹ̀rọ àti èdè tí ọpọlọ ẹ̀rọ gbọ́.

Iṣẹ́ yìí gbé ìtàn àjọṣepọ̀ ohun méjèèjì yìí yẹ̀ wò láti nǹkan bí ọdún 1952 títí di àkókò tiwa yìí. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ni èyí: nígbà tí iṣẹ́ bá ṣòro láti ṣe, ta ni ó yẹ kí ó gbé ẹrù rẹ̀, ṣé ẹ̀rọ ni tàbí atúmọ̀? Èrò tiwa ni pé ìtàn náà kò dá ẹ̀bi fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì, kò sì fún ẹnikẹ́ni ní adé. Níbi tí àwọn onímọ̀ ti jókòó pọ̀, tí wọ́n sì gbé ẹrù kọ̀ọ̀kan fún ẹni tí ojú rẹ̀ tó o, iṣẹ́ wọn yọrí sí rere. Níbi tí ẹnì kan ti di ẹrù lé ẹnì kejì lórí láìbi í léèrè, owó àti ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi ṣòfò.

2.0 Pírósẹ́sọ̀, Kọ̀ǹpáílà àti Àdéhùn tí ó So Wọ́n Pọ̀

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe àlàyé àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò. Pírósẹ́sọ̀ kò gbọ́ èdè kankan ju àwọn àṣẹ kéékèèké tí a fi nọ́ńbà kọ lọ: mú nọ́ńbà yìí wá láti inú àká, rò ó pọ̀ mọ́ ìyẹn, fi èsì rẹ̀ síbí, bí èsì bá jẹ́ òdo, fò lọ sí àṣẹ báyìí. Àká tí a wí yìí ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tí ó ń lò pamọ́ sí nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Àká tóbi, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí pírósẹ́sọ̀. Nítorí ìdí èyí ni pírósẹ́sọ̀ fi ní àwọn ibi ìkó-nǹkan-sí kéékèèké nínú ara rẹ̀, tí a ń pè ní rẹ́jísítà. Bí alásè ṣe ń gbé ìwọ̀nba ata, iyọ̀ àti epo tí ó fẹ́ lò sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, kí ó má baà máa sáré lọ sí àká ní gbogbo ìgbà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni pírósẹ́sọ̀ ń lo rẹ́jísítà.

Ní ti kọ̀ǹpáílà, irú atúmọ̀ méjì ni àwa Yorùbá mọ̀ dáadáa. Èkíní ni ògbufọ̀ tí ó dúró ti oníwàásù nínú ìjọ, tí ó ń túmọ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń jáde. Èkejì ni irú iṣẹ́ tí Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe lórí Bíbélì èdè Yorùbá: wọ́n ní odindi ìwé níwájú wọn, wọ́n lè ka ìparí kí wọ́n tó túmọ̀ ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì lè yẹ ọ̀rọ̀ kan wò ní ibi mẹ́wàá kí wọ́n tó yan ìtumọ̀ rẹ̀. Kọ̀ǹpáílà jọ ti èkejì yìí. Odindi ètò tí ènìyàn kọ ni ó ń kà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó túmọ̀ ìwé kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a óò ka ìwé náà. Ògbufọ̀ tí ó dúró ti oníwàásù ni ó ń rí ojú àwọn olùgbọ́. Bákan náà, pírósẹ́sọ̀ ni ó ń rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, ṣùgbọ́n àṣẹ díẹ̀ níwájú rẹ̀ nìkan ni ojú rẹ̀ tó. Kí òǹkàwé fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo àlàyé wa dúró lé.

Àkójọ àṣẹ tí pírósẹ́sọ̀ kan gbọ́ ni àdéhùn tí ó wà láàrin òun àti kọ̀ǹpáílà. Bí wọ́n bá ti tẹ àdéhùn náà jáde, tí àwọn ènìyàn sì ti kọ ètò lé e lórí, ó ṣòro gan-an láti yí i padà.

3.0 Nígbà tí Ẹ̀rọ Ṣáájú, tí Atúmọ̀ ń Tẹ̀lé E

Ní ọdún 1952, Grace Hopper ṣe ètò kan tí a ń pè ní A-0 fún kọ̀ǹpútà UNIVAC I ní Amẹ́ríkà. Ètò yìí ń kó àwọn apá iṣẹ́ tí a ti kọ sílẹ̀ jọ láti di odindi, ó sì wà lára àwọn ohun àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpáílà wọ ẹnu àwọn onímọ̀. Ọdún 1957 ni ilé-iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpáílà FORTRAN jáde fún kọ̀ǹpútà IBM 704. John Backus ni ó ṣe olórí àwọn tí ó ṣe é. Ìṣòro tí ó wà níwájú wọn kì í ṣe kékeré. Àwọn aṣètò ìgbà náà gbà pé kò sí atúmọ̀ tí ó lè kọ àṣẹ ẹ̀rọ dáadáa tó ènìyàn. Bí iṣẹ́ kọ̀ǹpáílà bá lọ́ra ju ti ènìyàn lọ lọ́nà tí ó hàn gbangba, kò sí ẹni tí yóò lò ó, nítorí pé owó gọbọi ni wọ́n ń san lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ bá fi ṣiṣẹ́. IBM 704 ní rẹ́jísítà àtọ́ka mẹ́ta péré, ọ̀pọ̀ làálàá ni àwọn Backus sì ṣe kí kọ̀ǹpáílà wọn tó mọ bí a ti ń pín mẹ́ta yìí fún iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù wọ́n lọ. Ẹ̀rọ ti wà nílẹ̀ kí kọ̀ǹpáílà tó dé; kọ̀ǹpáílà ni ó ń wá bí òun yóò ti ṣe bá a mu.

Ilé-iṣẹ́ Burroughs ni ó kọ́kọ́ yí ètò yìí padà lọ́nà tí ó gbajúmọ̀. Ní ọdún 1961 ni wọ́n kéde kọ̀ǹpútà B5000, tí Robert Barton jẹ́ aṣáájú nínú ìṣẹ̀dá rẹ̀. Èdè ALGOL 60, tí àwọn onímọ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní ọdún 1960, ni wọ́n gbé síwájú kí wọ́n tó ya àwòrán ẹ̀rọ náà. Wọ́n béèrè pé: irú ẹ̀rọ wo ni yóò mú kí ìtumọ̀ ALGOL rọrùn? Ìdáhùn wọn ni ẹ̀rọ tí ń to nọ́ńbà léra bí abọ́, tí ó jẹ́ pé abọ́ tí a gbé lé e kẹ́yìn ni a ó kọ́kọ́ mú. Ètò báyìí bá bí kọ̀ǹpáílà ṣe ń túmọ̀ ìṣirò mu rẹ́gí. Ẹ̀rọ náà tilẹ̀ ń ṣọ́ ààlà àwọn àtòjọ nọ́ńbà fúnra rẹ̀, kí ètò kan má baà ṣèèṣì wọ inú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àṣeyọrí ńlá ni èyí jẹ́. Ṣùgbọ́n àlébù kan wà níbẹ̀ tí a óò tún rí ní iwájú: èdè kan ṣoṣo ni wọ́n gbé síwájú, ẹ̀rọ ni wọ́n sì di gbogbo ẹrù lé lórí kí kọ̀ǹpáílà lè sinmi. Kò sí ẹni tí ó tíì mọ̀ nígbà náà bí kọ̀ǹpáílà fúnra rẹ̀ yóò ti gbọ́n tó.

4.0 Àpọ̀jù Àṣẹ

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1964, IBM kéde System/360. Èyí ni ó fìdí èrò náà múlẹ̀ pé àdéhùn àkójọ àṣẹ lè dúró lọ́tọ̀, kí ẹ̀rọ ńlá àti kékeré sì jọ máa pa á mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, ètò kékeré kan wà tí wọ́n fi pamọ́ sínú pírósẹ́sọ̀, tí ń ṣe àlàyé àṣẹ kọ̀ọ̀kan fún àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ. Níwọ̀n ìgbà tí ètò àfipamọ́ yìí ti wà, kò ná àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní ohun púpọ̀ láti fi àṣẹ tuntun kún àṣẹ. Báyìí ni àṣẹ ń pọ̀ sí i. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ DEC gbé VAX-11/780 jáde ní ọdún 1977, àṣẹ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ lè ṣe ìṣirò onípele púpọ̀ tí ènìyàn ì bá fi ìlà mẹ́wàá kọ.

Èrò tí ó wà lẹ́yìn èyí dára lójú. Wọ́n rò pé bí àṣẹ ẹ̀rọ bá ti jọ gbólóhùn èdè ìṣètò tó, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ kọ̀ǹpáílà yóò ti rọrùn tó. Àmọ́ wọn kò bi kọ̀ǹpáílà léèrè. Ní ọdún 1975, W. G. Alexander àti D. B. Wortman wo ohun tí àwọn ètò tí kọ̀ǹpáílà túmọ̀ fún System/360 ń ṣe gan-an. Wọ́n rí i pé àṣẹ 10 péré ni ó kó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo àṣẹ tí ẹ̀rọ mú ṣẹ, àti pé àṣẹ 30 kó ìdá 99. Àwọn yòókù dà bí aṣọ àrán inú àpótí, tí a kì í mú wọ̀ lọ sóko. David Patterson àti David Ditzel tún tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan tí ó yani lẹ́nu ní ọdún 1980: VAX ní àṣẹ kan tí a dìídì ṣe fún wíwá ipò nọ́ńbà nínú àtòjọ, ṣùgbọ́n bí a bá fi àwọn àṣẹ kéékèèké díẹ̀ rọ́pò rẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan náà, iṣẹ́ ọ̀hún yá sí i ní ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ohun tí àwọn àkíyèsí yìí fi hàn ni pé ẹ̀bùn tí a kò bi ẹni tí yóò gbà á léèrè kí a tó rà á lè di ìnira fún olùfúnni àti olùgbà.

5.0 IBM 801: Ìgbà tí Wọ́n Jókòó Pọ̀

Ní ọdún 1974, àwọn olùwádìí IBM ní Yorktown Heights, ní ìpínlẹ̀ New York, ń gbèrò láti ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa so ìpè tẹlifóònù pọ̀, tí yóò sì lè bójú tó nǹkan bíi mílíọ̀nù ìpè kan láàrin wákàtí kan. Wọ́n pa iṣẹ́ yẹn tì, ṣùgbọ́n èrò pírósẹ́sọ̀ kékeré tí ó yára kò kú. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn lórí rẹ̀, wọ́n sì fi nọ́ńbà ilé tí wọ́n wà sọ ọ́ lórúkọ: 801. John Cocke ni a mọ̀ mọ èrò náà jù lọ. George Radin ni ó ṣe olórí iṣẹ́, òun náà ni ó sì kọ àlàyé rẹ̀ jáde ní ọdún 1982.

Cocke kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Òun àti Frances Allen ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí bí kọ̀ǹpáílà ṣe lè tún ètò tò kí ó lè yára. Wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ACS tí IBM pa tì ní ọdún 1969, níbi tí kọ̀ǹpáílà ti ní ohùn nínú bí ẹ̀rọ yóò ti rí. Nígbà tí 801 bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè wọn yàtọ̀ sí ti Burroughs. Wọn kò béèrè irú ẹ̀rọ tí yóò jẹ́ kí kọ̀ǹpáílà sinmi. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé: bí kọ̀ǹpáílà bá gbọ́n tó bí a ti mọ̀ pé ó lè gbọ́n, kí ni kò tún sí ìdí fún ẹ̀rọ láti máa ṣe mọ́?

Ìdáhùn wọn ni pé kí ẹ̀rọ ṣe àṣẹ kéékèèké nìkan, kí ó sì parí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn láàrin ìṣẹ́jú ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Kí ó yọ ètò àfipamọ́ kúrò. Kí ó sì ní rẹ́jísítà púpọ̀. Wọ́n lo 16 ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì di 32 nígbà tó yá. Kọ̀ǹpáílà tí wọ́n pè ní PL.8 ni yóò gbé ìyókù. Àwọn kọ̀ǹpáílà àtijọ́ kò mọ bí a ti ń lo rẹ́jísítà púpọ̀ dáadáa, nítorí náà rẹ́jísítà 32 ì bá kàn jẹ́ ìfiṣòfò bí kì í bá ṣe ti iṣẹ́ Gregory Chaitin. Ọ̀nà tí Chaitin gbé kalẹ̀ fún PL.8 yé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fi yàrá háyà rí. Jẹ́ kí a sọ pé onílé kan ní yàrá 32, tí àwọn ayálégbé 100 sì fẹ́ gbé ibẹ̀ láàrin ọdún kan. Ẹni méjì tí àkókò wọn bá kọlura kò lè gba yàrá kan náà. Àwọn tí àkókò wọn kò kọlura lè gbà á tẹ̀lé ara wọn. Nọ́ńbà tí ètò ń lò ni ayálégbé, rẹ́jísítà ni yàrá. Chaitin fa ìlà láàrin gbogbo àwọn tí ó kọlura, ó sì wá àwọ̀ 32 tí òun lè fi kùn wọ́n tí àwọ̀ kan náà kò fi ní wà ní ìkángun méjèèjì ìlà kan. Ẹni tí kò bá rí àwọ̀ gbà ni a óò rán lọ sí àká.

Kí òǹkàwé ṣàkíyèsí pé iṣẹ́ yìí ń fẹ́ kí a rí odindi ètò lẹ́ẹ̀kan. Kò sí pírósẹ́sọ̀ tí ó lè ṣe é nígbà tí iṣẹ́ ń lọ. Ojú kọ̀ǹpáílà nìkan ni ó tó o. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé ẹrù náà bọ́ sí orí ẹni tí ó yẹ. Cocke gba ẹ̀bùn Turing, ẹ̀bùn tí ó ga jù nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, fún ọdún 1987. Frances Allen gba ti ọdún 2006, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gbà á.

6.0 Berkeley àti Stanford: Ẹni tí ó Wà Nídìí Tábìlì

Ọdún 1980 ni David Patterson àti Carlo Séquin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ RISC ní Yunifásítì California ní Berkeley. Ní ọdún 1981, John Hennessy bẹ̀rẹ̀ MIPS ní Yunifásítì Stanford, tí kò jìnnà sí ibẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì ń wá ẹ̀rọ kékeré tí ó yára. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra, ìyàtọ̀ náà sì ń sọ irú ẹni tí ó wà nídìí tábìlì.

RISC-I ti Berkeley lo transistor 44,420, èyí tí kò tó ti àwọn pírósẹ́sọ̀ olókìkí ìgbà náà. Ṣùgbọ́n rẹ́jísítà 78 ni ó ní. Nígbà tí apá kan nínú ètò bá pe apá mìíràn, ẹ̀rọ yóò yí fèrèsé kan sí apá tuntun náà kí ó lè ní rẹ́jísítà tirẹ̀, láìjẹ́ pé a ń kó ti àtijọ́ lọ sí àká. Wọ́n ṣe é báyìí nítorí pé kò sí onímọ̀ kọ̀ǹpáílà láàrin wọn tí yóò ṣe irú ìpín yàrá tí Chaitin ṣe. Ẹrù tí kò rí elérù ni ẹ̀rọ wá gbé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Sun gbé SPARC jáde ní ọdún 1987, fèrèsé wọ̀nyí wọ inú àdéhùn rẹ̀, wọn kò sì ṣeé yọ mọ́.

Ní Stanford, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpáílà wà níbẹ̀, Hennessy fúnra rẹ̀ sì wà lára wọn. Wọ́n wá lọ jìnnà sí apá kejì. Pírósẹ́sọ̀ ìgbà náà ń ṣiṣẹ́ bí ìdílé tí ń ṣe gààrí: bí ẹnì kan ti ń bó ẹ̀gẹ́, èkejì ń rin ín, ẹ̀kẹta ń fún un, ẹ̀kẹrin ń yan án. Iṣẹ́ ń yára nítorí pé ọwọ́ kankan kò dilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń yan gààrí kò lè yan èyí tí a kò tíì fún. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, pírósẹ́sọ̀ ni ó ń kíyè sí èyí, tí ó sì ń dúró díẹ̀. MIPS kò kíyè sí i. Orúkọ rẹ̀ pàápàá, tí a fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ṣe, ń tọ́ka sí ẹ̀rọ tí kò ní ìdádúró láàrin ìpele iṣẹ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpáílà ni ó gbọ́dọ̀ to àṣẹ tí ohun tí a kò tíì fún kò fi ní dé iwájú ẹni tí ń yan án. Bákan náà, àṣẹ tí ó bá tẹ̀lé àṣẹ ìfò yóò ṣẹ kí ìfò náà tó wáyé, kọ̀ǹpáílà ni yóò sì wá iṣẹ́ gidi fi sí àyè yẹn.

Fún ẹ̀rọ àkọ́kọ́, àdéhùn yìí dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹ̀rọ tí ó tẹ̀lé e ní ìpele púpọ̀ sí i, àyè kan ṣoṣo lẹ́yìn ìfò kò tó mọ́, síbẹ̀ ẹ̀rọ tuntun gbọ́dọ̀ máa pa á mọ́ nítorí àwọn ètò àtijọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn MIPS tuntun dá ìkíyèsí padà fún ẹ̀rọ nígbà tí ó bá ń gba nǹkan láti inú àká, ìtumọ̀ orúkọ náà kò sì bá ẹ̀rọ mu mọ́. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbí ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tí kọ̀ǹpáílà lè gbé lónìí ni ó yẹ kí a kọ sínú àdéhùn, nítorí pé àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ẹ̀rọ náà ni yóò máa san gbèsè rẹ̀.

Hennessy àti Patterson jọ gba ẹ̀bùn Turing ti ọdún 2017.

7.0 Itanium: Ẹrù tí ó Kọjá Agbára Elérù

Àṣeyọrí kọ̀ǹpáílà wá di ohun tí ó ti àwọn kan kọjá ààlà. Josh Fisher ti Yunifásítì Yale ti fi hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 pé kọ̀ǹpáílà lè di ọ̀pọ̀ àṣẹ pọ̀ sínú ìdì gígùn kan, kí ẹ̀rọ lè ṣe gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé-iṣẹ́ Multiflow tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1984 ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kógbá sílé ní ọdún 1990. Fún ìṣirò àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, tí ó ń lọ létòlétò, ọ̀nà yìí ṣiṣẹ́.

Ní ọdún 1994, Hewlett-Packard àti Intel kéde pé àwọn yóò jọ ṣe pírósẹ́sọ̀ lórí ìpìlẹ̀ èrò tí ó jọ èyí. Itanium ni wọ́n pè é, ọdún 2001 ni èyí àkọ́kọ́ sì jáde. Àṣẹ mẹ́ta mẹ́ta ni kọ̀ǹpáílà ń dì pọ̀ fún un. Rẹ́jísítà 128 ni ó wà fún nọ́ńbà lásán. Kọ̀ǹpáílà ni ó gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ̀rọ ṣáájú, èwo nínú àwọn àṣẹ ni ó lè bá èwo rìn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni èyí. Láti ìgbà tí pírósẹ́sọ̀ ti ń yára ju àká lọ, àwọn ẹ̀rọ ní àká kékeré kan nítòsí pírósẹ́sọ̀. Bí ohun tí a fẹ́ bá wà níbẹ̀, kíá ni yóò dé. Bí kò bá sí níbẹ̀, pírósẹ́sọ̀ lè dúró fún ìgbà tí ì bá fi ṣe ọgọ́rọ̀ọ̀rún àṣẹ. Èwo ni yóò ṣẹlẹ̀? Kọ̀ǹpáílà kò lè mọ̀, nítorí pé ọjọ́ tí a bá ń lo ètò náà ni yóò hàn. Ẹni tí ó túmọ̀ ìwé kò sí nínú ìjọ. Pírósẹ́sọ̀ Intel mìíràn, Pentium Pro ti ọdún 1995, ti ń to àṣẹ rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ: bí àṣẹ kan bá ń dúró de àká, yóò mú èyí tí ó ti múra tán ṣe. Ojú rẹ̀ kò jìnnà, ṣùgbọ́n ohun tí ó nílò láti rí wà níwájú rẹ̀ gan-an.

Kì í ṣe èyí nìkan ni ó ba Itanium jẹ́. Àwọn ètò àtijọ́ kò yára lórí rẹ̀, AMD sì gbé Opteron jáde ní ọdún 2003, èyí tí ó fẹ àdéhùn àtijọ́ lójú láìpa á run. Intel fi Itanium ìkẹyìn ránṣẹ́ ní ọdún 2021.

8.0 Afárá: Ipa Kunle Olukotun

Ọmọ Yorùbá kan wà nínú ìtàn yìí tí a kò gbọ́dọ̀ fo orúkọ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kunle Olukotun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yunifásítì Stanford ní ọdún 1991. Ní ọdún 1996, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé kan jáde tí ó sọ pé dípò kí a máa fi gbogbo transistor tuntun sọ pírósẹ́sọ̀ kan di òmìrán, kí a kó pírósẹ́sọ̀ kéékèèké mélòó kan sórí chip kan. Wọ́n pe iṣẹ́ náà ní Hydra. Pírósẹ́sọ̀ mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀.

Ìṣòro tí ó dìde ni ti kọ̀ǹpáílà. Báwo ni a óò ṣe pín ètò tí a kọ fún ẹnì kan láàrin ẹni mẹ́rin? Bí kọ̀ǹpáílà kò bá dá a lójú pé apá méjì kò ní fọwọ́ kan ohun kan náà, kò gbọ́dọ̀ yà wọ́n. Ọ̀nà tí àwọn Olukotun gbà, èyí tí wọ́n fi hàn ní ọdún 2003 nínú ètò tí wọ́n pè ní Jrpm, fi ọgbọ́n pín ẹrù náà. Kọ̀ǹpáílà yóò fojú wo odindi ètò, yóò sì dá a lábàá pé apá báyìí jọ ohun tí a lè pín. Ẹ̀rọ yóò ṣe é bí ó ti wí, yóò sì máa ṣọ́ ọ. Bí apá méjì bá kọlura, ẹ̀rọ yóò da èyí tí ó ṣì ṣe nù, yóò sì tún un ṣe létòlétò. Kọ̀ǹpáílà ń lo ojú rẹ̀ tí ó rí ọ̀nà jíjìn, ẹ̀rọ ń lo ojú rẹ̀ tí ó rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. A kò rí àpẹẹrẹ tí ó bá òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ mu ju èyí lọ.

Olukotun wà lára àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ Afara Websystems sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá náà, afárá, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Sun rà á ní ọdún 2002, iṣẹ́ rẹ̀ sì yọrí sí UltraSPARC T1 tí ó jáde ní ọdún 2005, tí ó ní pírósẹ́sọ̀ mẹ́jọ lórí chip kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń bójú tó iṣẹ́ mẹ́rin. Ní ọdún 2017, òun, Rodrigo Liang àti Christopher Ré dá SambaNova Systems sílẹ̀, níbi tí kọ̀ǹpáílà ti ń to ọ̀nà tí nọ́ńbà yóò gbà ṣàn kọjá lórí chip fúnra rẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Eckert-Mauchly, ẹ̀bùn ńlá fún ìṣẹ̀dá ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, ní ọdún 2023.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé Burroughs di ẹrù lé ẹ̀rọ lórí, Itanium dì í lé kọ̀ǹpáílà lórí, 801 àti Hydra sì pín in gẹ́gẹ́ bí ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan ti tó. Ohun tí a lè mọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpáílà ni ó ni ín. Ohun tí ó jẹ́ pé ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ni yóò fi hàn, ẹ̀rọ ni ó ni ín. Ìwọ̀nba tí ó pọn dandan ni ó sì yẹ kí a kọ sínú àdéhùn. Àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ RISC-V ní Berkeley ní ọdún 2010 kọ́ ẹ̀kọ́ yìí: wọn kò fi fèrèsé rẹ́jísítà sínú rẹ̀, wọn kò sì fi àyè lẹ́yìn ìfò síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ tiwọn gan-an ni fèrèsé ti jáde wá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni lè lo àdéhùn RISC-V láìsan owó àṣẹ, àwọn kọ̀ǹpáílà bíi GCC àti LLVM sì wà ní gbangba fún ẹni tí ó bá fẹ́ ka inú wọn kí ó sì tún wọn ṣe. Kọ̀ǹpútà lásán kan ti tó fún akẹ́kọ̀ọ́ láti fi àṣẹ kan kún pírósẹ́sọ̀ aláfarawé, kí ó kọ́ kọ̀ǹpáílà láti lò ó, kí ó sì wọn bóyá iṣẹ́ yá sí i tàbí kò yá. Ìmọ̀ràn wa ni pé níbi tí a bá ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ àti ẹ̀kọ́ nípa kọ̀ǹpáílà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí a fún akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ kan, ó kéré tán, tí yóò mú un kọjá láti ìhín dé ọ̀hún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi àṣẹ kún ẹ̀rọ, tí kọ̀ǹpáílà rẹ̀ kò sì rí ibi kankan lò ó, yóò ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ohun tí ó ná àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.